Gílóòbù Wo Ni Ó Yẹ Ilé Wa?

Ohun tí a mú wá sí ojú ewé yìí lọ́sẹ̀ yìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, a sì lè rà á ní ìsọ̀ èyíkéyìí láti Tólígéètì títí dé abẹ́ afárá Ṣàngó. Gílóòbù ni a ń wí, èyí tí a fi ń tan iná mànàmáná nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iye ilé tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nítorí owó iná, tí ayálégbé kò kí ayálégbé mọ́ ní òwúrọ̀, tí àwọn ìyá méjì tí wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan sì ti di ọ̀tá ara wọn, yóò gbà pẹ̀lú wa pé ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń jókòó sọ.

Gbogbo wa ni a mọ bí Ọ̀tà ti rí nísisìyí. Ìlú àwọn Àwórì tí ó ti wà láti ayébáyé ti di ibi tí ilé iṣẹ́ kún fọ́fọ́, láti ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta títí lọ sí ọ̀nà Ìdírókò, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń gbé inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, yàrá mẹ́wàá tàbí méjìlá lábẹ́ òrùlé kan, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan, àti mítà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Nígbà tí owó mítà bá tán, a ó dá òmíràn, a ó pín in dọ́gbadọ́gba, olúkúlùkù a sì san tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì padà síbẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tí owó iná ṣì kéré, kò sí ẹni tí ó bìkítà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù April 2024, àjọ NERC tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà fi àṣẹ sí i pé kí àwọn tí ó wà ní Bándì A, èyíinì ni àwọn àdúgbò tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójoojúmọ́, máa san ₦225 lórí yúnìtì kan, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ₦68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ₦206.80 ní May, ó sì tún gòkè sí ₦209.50 ní July ọdún kan náà. ₦209.50 yìí ni a ó fi ṣe ìṣirò wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, láì ka owó orí 7.5 nínú 100 tí ìjọba ń gbà lé e. Kí olúkúlùkù wo rìsíìtì tirẹ̀, kí ó sì fi iye tí ó bá níbẹ̀ dípò èyí tí a lò.

Kí a tó dé orí owó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí gílóòbù ń ṣe. Oríṣi mẹ́ta ni a ti mọ̀ ní ọjà wa. Èkíní ni ti àtijọ́, èyí tí ó ní okùn irin tín-ín-rín nínú, tí Swan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Edison ní Amẹ́ríkà fi han aráyé ní nǹkan bí 1879. Okùn irin náà a máa gbóná títí yóò fi pọ́n yòò, ìmọ́lẹ̀ a sì jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo agbára iná tí ó ń jẹ, nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 ni ó ń dà sí ooru, ìdá 5 péré ni ó ń di ìmọ́lẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: bí ìyá ilé kan bá ra igi ìdáná 20, tí ó fi 19 nínú wọn yá ilẹ̀ àgbàlá, tí ó sì fi ọ̀kan ṣoṣo se ọbẹ̀, kí ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ yóò wí? Iṣẹ́ tí gílóòbù àtijọ́ ń ṣe nínú yàrá wa nìyí, a kàn ń sanwó rẹ̀ láì wí nǹkan kan ni.

A kò sọ pé gílóòbù yìí kò wúlò níbikíbi. Àwọn tí ń sin adìyẹ mọ iyì rẹ̀, nítorí ooru ni wọ́n ń wá fún àwọn òròmọdìyẹ wọn, ìmọ́lẹ̀ kàn jẹ́ èènì lójú wọn ni. Ọ̀tà sì jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ òsìn adìyẹ, pàápàá láti ìgbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti dá oko rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó gbé ìjọba fún alágbádá ní 1979. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù àtijọ́ máa bá àwọn òròmọdìyẹ gbé. Yàrá tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí lábẹ́ páànù kò nílò ooru mìíràn.

Oríṣi kejì ni èyí tí ọ̀pá dígí rẹ̀ lọ́ pọ̀ bí ejò, tí àwọn ará ọjà ń pè ní ẹ́nájì séfà. Wátì 13 sí 15 ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ tí gílóòbù àtijọ́ ń fi wátì 60 ṣe. Ó ṣe wá lóore púpọ̀ nígbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tirẹ̀ ti kọjá. Èròjà olóró kan tí ń jẹ́ mẹ́kúrì wà nínú dígí rẹ̀, ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó bọwọ́ lu àdéhùn Minamata ṣe fohùn ṣọ̀kan ní ìpàdé wọn ní Bali ní 2022 pé kí a dáwọ́ ṣíṣe àwọn tí a ń lò nínú ilé, àti kíkó wọn láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, dúró bí 2025 bá ti parí. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, èyí sì dùn mọ́ wa, nítorí pé ó pẹ́ tí a ti ń sọ ilẹ̀ wa di ààtàn fún ohun tí àwọn ẹlòmíràn kò fẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá rí i kí wọ́n máa tà á ní ẹ̀dínwó ní báyìí, kí ó mọ̀ pé ọjà àjẹkù ni.

Oríṣi kẹta ni LED. Nínú rẹ̀ kò sí okùn irin tí ń gbóná yòò, kò sì sí mẹ́kúrì. Ẹ̀yà kékeré kan bí orí ìṣáná ni ó wà níbẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí iná bá gbà á kọjá. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ bí a ti ń ṣe pupa àti aláwọ̀ ewé nínú irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Èyí tí ó ní àwọ̀ búlúù ni ó ṣòro, láìsí i kò sì sí ìmọ́lẹ̀ funfun. Àwọn ọmọ Jàpáánì mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, ni ó yanjú rẹ̀, a sì fi ẹ̀bùn Nobel dá wọn lọ́lá ní 2014. Nítorí iṣẹ́ wọn ni wátì 9 ṣe ń ṣe iṣẹ́ wátì 60 nínú yàrá wa lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀ wàyí. Yúnìtì kan ni wátì 1,000 fún wákàtí kan. Gílóòbù oníwátì 100 yóò jẹ ẹ́ tán ní wákàtí 10. Bí a bá ń tan gílóòbù àtijọ́ oníwátì 60 fún wákàtí 5 lálaalẹ́, yóò jẹ yúnìtì 9 ní ọgbọ̀n ọjọ́, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,885.50. LED oníwátì 9 yóò jẹ yúnìtì 1.35 ní iye ìgbà kan náà, owó rẹ̀ kò sì pé ₦283. Ìyàtọ̀ wọn ju ₦1,600 lọ lóṣù kan, lórí gílóòbù kan ṣoṣo. Bí yúnìtì bá jẹ́ ₦60 ní àdúgbò tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ ₦459, èyí tí kì í ṣe owó ìyà náà. Ní ti ọjọ́ ayé wọn, gílóòbù àtijọ́ kì í sábà kọjá wákàtí 1,000. Ní wákàtí 5 lóòjọ́, 200 ọjọ́ nìyẹn. LED tí kì í ṣe ayédèrú lè tó wákàtí 15,000, èyí tí ó ju ọdún 8 lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; ẹni tí ó rò pé òun ra gílóòbù olówó pọ́ọ́kú ń san gbèsè rẹ̀ lálaalẹ́.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé oníyàrá mẹ́wàá onímítà kan. Ká ní ayálégbé kan gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti sọ yìí, ó sì lọ ra LED sí yàrá rẹ̀. Ilé náà yóò jèrè ₦1,600 àti díẹ̀ lóṣù. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀nà mẹ́wàá ni a ń pín owó sí, ₦160 péré ni yóò padà sí àpò ẹni tí ó ra gílóòbù; àwọn mẹ́sàn-án yòókù ni yóò pín ìyókù jẹ láì ná kọ́bọ̀. Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ayálégbé mìíràn fi gílóòbù oníwátì 100 sí yàrá tirẹ̀. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ògiri ilé kejì, iṣẹ́ òru ni ó sì ń ṣe ní ilé iṣẹ́, nítorí náà ní ọ̀sán àti ní òru, gílóòbù rẹ̀ kì í kú. Bí iná kò bá lọ, yúnìtì 72 ni ó ń jẹ lóṣù, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦15,084. Ohun tí ó kàn án láti san nínú rẹ̀ kò ju ₦1,508 lọ. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń bá a san ₦13,576 yòókù.

A kò gbọdọ̀ yára pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní olè. Bóyá kò tilẹ̀ ṣe ìṣirò náà rí. Ètò ilé náà ni kò dára, nítorí pé ó ń fi ère fún ẹni tí ń ṣòfò, ó sì ń fi ìyà jẹ ẹni tí ń ṣọ́ owó ná. A ti gbọ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n kan ń gbani níyànjú pé kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì tọ̀nà fún ẹni tí ó ní mítà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé onímítà kan, ìṣirò tí a ṣe yìí takò ó gidigidi. Òtòṣì tí ó ní ₦1,000 lọ́wọ́ kò ya òmùgọ̀ bí ó bá kọ̀ láti fi í ra ohun tí ẹlòmíràn yóò jẹ èrè rẹ̀. Ohun tí ó lè mú kí LED san owó rẹ̀ padà fún un ni pé kí gbogbo ilé yí gílóòbù wọn padà lọ́jọ́ kan náà. Nígbà náà, ₦16,000 tí a fi pamọ́ yóò padà sí ọwọ́ gbogbo wọn, ₦1,600 fún yàrá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ẹni tí ń jẹ oògùn ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ohun tí a ń wí yìí, àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe é rí. Ní 2007, nígbà tí omi fà ní ìdídò Àkósómbò tí iná kò sì tó wọn mọ́, ìjọba Ghana kó ẹ́nájì séfà mílíọ̀nù 6 wọlé, wọ́n sì fi í pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ fún àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí mẹ́gáwátì 124 ni ó kúrò nínú ẹrù tí iná wọn ń rù ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá tan iná lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò retí kí olúkúlùkù lọ rà á ní àkókò tí ó bá wù ú. Kùbà ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Kùbà yìí kan náà ni ó bá ECOWAS àti àjọ ìjọba àpapọ̀ wa tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ṣe pọ̀ láti pín mílíọ̀nù 1 irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí ó ṣeé ṣe fún odindi orílẹ̀-èdè kì yóò ṣòro fún yàrá mẹ́wàá.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Kí ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé, bóyá ìyá tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún, pe ìjókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Kí a ka iye ojú gílóòbù tí ó wà nínú ilé, láì yọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ilé ìwẹ̀ àti ti ìta sílẹ̀. Kí a dá owó, kí a sì rán ènìyàn méjì lọ sí ọjà, nítorí pé ẹni tí ó bá ra páálí kan máa ń rí ẹ̀dínwó ju ẹni tí ó ra ẹyọ lọ. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n fi bírò kọ nọ́ńbà yàrá àti ọjọ́ tí a rà á sí ìdí gílóòbù kọ̀ọ̀kan. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n gílóòbù tí a kò sàmì sí lè tẹ̀lé ẹni tí ń kó kúrò nílé lọ.

Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti ìta ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí pé wọn kò ní olówó, ohun tí kò sì ní olówó ni a máa ń fi ṣòfò jù lọ. Gílóòbù àtijọ́ oníwátì 60 tí ń tàn níta fún wákàtí 12 lálaalẹ́ ń jẹ ₦4,525 lóṣù. LED yóò jẹ ₦679. Bí a bá sì rìn káàkiri Ṣàngó ní agogo 11 òwúrọ̀, a ó rí iye gílóòbù ìta tí ń tàn nínú oòrùn gangan. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ará ilé kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò máa pa á. Kí a fi í sí ọwọ́ ẹni tí ó máa ń kọ́kọ́ jí, tàbí kí a ra irú èyí tí ó ní ojú tí ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí yóò sì kú fúnra rẹ̀. Ní tiwa, àwa rò pé onílé ni ó yẹ kí ó ra ti ìta, nítorí pé ilé rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ilé tí ó bá sì lágbára láti fi mítà kékeré sí ojú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjà owó iná yóò rọlẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku bí a ó ti rà á ní ọjà, níbi tí àwọn ènìyàn rere púpọ̀ ti ń ṣìnà. Ìmọ́lẹ̀ ni kí a béèrè, kí a má ṣe béèrè wátì. Àwọn baba wa a máa wí pé, “Fún mi ní ọgọ́ta,” tàbí “Fún mi ní ọgọ́rùn-ún,” nítorí pé nígbà náà wátì púpọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ní ti LED, wátì kàn ń sọ ohun tí yóò jẹ fún wa ni. Lúmẹ́nì ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ oníwátì 60 ń fúnni ní nǹkan bí lúmẹ́nì 800, oníwátì 40 ń fúnni ní nǹkan bí 450, oníwátì 100 sì ń fúnni ní nǹkan bí 1,600. LED tí ó dára ń fúnni ní lúmẹ́nì 80 sí 100, tàbí jù bẹ́ẹ̀, lórí wátì kan. Nítorí náà bí a bá rí páálí tí a kọ wátì 9 àti lúmẹ́nì 800 sí, ọ̀rọ̀ náà bá ara mu. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ wátì 50 gàdàgbà sí ara gílóòbù tí kò tóbi ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ, tí kò sì sí lúmẹ́nì kankan lára rẹ̀, kí a rọra gbé e padà sí orí àtẹ. Kò sí bí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ yóò ti jẹ wátì 50 tí kò ní yọ́ dànù. Nọ́ńbà náà kàn wà láti fi tan ojú wa jẹ ni.

Kí a gbé e lé ọwọ́ wò pẹ̀lú. LED kì í gbóná ní ojú bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ooru díẹ̀ tí ó ní wà ní ìdí rẹ̀, irin tí a fi sí ìdí náà ni ó sì ń gbé ooru náà jáde. Ayédèrú a máa fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, nítorí pé wọ́n ti yọ irin náà kúrò láti fi dín owó rẹ̀ kù. Kò ní pẹ́ kú. Nítorí ooru yìí kan náà ni kò fi dára kí a fi LED lásán sínú ìdérí dígí tí a dì pa, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọlé.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì fún ilẹ̀ tí iná kì í dúró sójú kan bíi tiwa. Fólítì 230 ni ó yẹ kí ó máa wọ ilé, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ó lè rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fáànù kò ní lè yí, nígbà mìíràn ó sì lè ru sókè lójijì. Kí a wá èyí tí a kọ “85-265V” tàbí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ sí lára, nítorí pé irú rẹ̀ yóò tàn dáadáa nígbà tí iná bá fà, yóò sì fara da ríru rẹ̀ díẹ̀. Èyí tí a kọ “220-240V” nìkan sí ń fẹ́ iná tí ó dúró déédéé, èyí tí a kì í rí ní ìrọ̀lẹ́. Kí a má sì ṣe gbàgbé láti wo bóyá onípíìnì ni ojú gílóòbù ilé wa tàbí onísíkúrù, kí a má baà rìn ín ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Bí alájà bá tan gílóòbù náà wò fún wa, kí a mú fóònù jáde, kí a ṣí kámẹ́rà rẹ̀, kí a sì kọ ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ náà. Bí a bá rí ìlà dúdúdúdú tí ń kọjá nínú àwòrán, gílóòbù náà ń ṣẹ́jú ní ìkọ̀kọ̀, ó ń kú ó sì ń jí nígbà púpọ̀ láàrín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n ó lè mú kí orí máa fọ́ ọmọ tí ó bá ń fi í kàwé. Kí a gba rìsíìtì, kí a béèrè bí gàráńtì bá wà, kí a sì tọ́jú páálí rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì náà. Àwa kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan nínú abala yìí, nítorí pé orúkọ rere náà ni àwọn aláyédèrú máa ń tẹ̀ sí ara páálí wọn.

Ní ti àwọ̀, a ó rí nọ́ńbà kan tí ó ní K ní ìdí lára páálí. 2,700 tàbí 3,000 jẹ́ ìmọ́lẹ̀ pípọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi ti àtùpà. 6,500 jẹ́ funfun tí ó ń tàn bí ọ̀sán. Púpọ̀ nínú wa fẹ́ràn funfun náà, ó sì dára ní ilé ìdáná àti lórí tábìlì tí ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí a ń sùn, pípọ́n ni ó sàn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó jọ ọ̀sán máa ń lé oorun jìnnà. Fún tábìlì ìwé, LED kékeré tí ó sún mọ́ ìwé dára ju ńlá tí ó wà lókè àjà lọ. Ẹni tí ó bá kun àjà rẹ̀ ní funfun, tí ó sì ń nu eruku ara gílóòbù ní oṣooṣù (eruku ọ̀nà wa kò sì kéré), yóò rí ìmọ́lẹ̀ síi láì san owó kún un.

Àwọn kan a máa béèrè LED tí ó ní bátìrì nínú, tí yóò máa tàn lọ bí iná bá ti lọ. Ó wúlò, pàápàá fún ọmọ tí ó ń múra ìdánwò, ó sì dára ju àtùpà epo òyìnbó lọ fún ẹni tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n bátìrì inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀, bóyá kí ọdún méjì tó pé, nígbà tí LED rẹ̀ ṣì wà ní ọ̀dọ́. Nítorí náà ọ̀kan tàbí méjì tó fún ilé kan; kò yẹ kí gbogbo ojú gílóòbù jẹ́ oníbátìrì. Àwọn tí ó ní ínfátà ni LED tún ṣe lóore jù. Bátìrì ńlá kan oní-Ah 100, fólítì 12, tí a kò fẹ́ kí ó ju ìdajì lọ tí a ó lò nínú rẹ̀, kò lè gbé gílóòbù àtijọ́ márùn-ún oníwátì 60 fún wákàtí 2 pé. LED márùn-ún oníwátì 9 yóò tàn lórí rẹ̀ fún ohun tí ó ju wákàtí 10 lọ, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo òru.

Ilé tí ó ṣì ní ẹ́nájì séfà, kí ó máa lò ó títí yóò fi kú, kò sí ìdí tí a ó fi sọ ọ́ nù láàyè. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́, kí a kó àwọn ọmọ jáde, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí a má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a, nítorí pé ìgbálẹ̀ yóò fọ́n mẹ́kúrì náà káàkiri. Páálí líle ni kí a fi kó o, kí a fi aṣọ tútù nu ibẹ̀, kí a sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tí ó ní ìdérí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé gílóòbù nìkan ni ó ń jẹ owó wa. Áyọ́ọ̀nù oníwátì 1,000 tí a fi lọ aṣọ fún wákàtí kan ti jẹ ohun tí LED oníwátì 9 yóò fi tàn fún wákàtí 111, èyíinì ni ọjọ́ 22 ní wákàtí 5 lóòjọ́. Ti áyọ́ọ̀nù, ti fìríìjì àti ti kẹ́tùrù, bí a ó ti pín owó wọn nínú ilé onímítà kan, ni a ó gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.